Àbúrò Mi Ti Ṣẹ̀wọ̀n Kí Ẹnikẹ́ni Tó Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé iwájú adájọ́ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́. Ohun tí ojú mi rí láti ọdún 2021 yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹjọ́ tálákà, ìdí káńtà ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń dá a, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí adájọ́ kankan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: mi ò rí adájọ́ tó gba owó, mi ò sì gbọ́ ọ pé ẹnì kan ra ìdájọ́ nínú kóòtù tí mò ń lọ. Àkókò ni mo rí tí owó ń rà. Ẹni tó lówó ń ti ilé rẹ̀ wá jẹ́jọ́. Ẹni tí kò ní ń ti àtìmọ́lé wá. Bí ẹjọ́ náà bá fi ọdún kan falẹ̀, ẹni tí kò ní ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ì báà jẹ̀bi, ì báà má jẹ̀bi.

Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ta àdìrẹ. Mò ń rẹ aṣọ fúnra mi, mo sì ń bá àwọn aláró mìíràn ta tiwọn. Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, wẹ́dà ni. Etí títì lọ́nà Lafẹ́nwá ni ìsọ̀ rẹ̀ wà nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, òun àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná jọ ṣiṣẹ́ nílé ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu dáadáa. Àbúrò mi ló ṣe ilẹ̀kùn onírin, ọmọ kejì ló fa wáyà. Kò pẹ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ ni wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ilé náà gbé lóru. Onílé ní àwọn tó mọ inú ilé òun ló wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá gbé àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ onílé nìkan ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó gbéra. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Lára ògiri ẹ̀yìn káńtà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni ọlọ́pàá tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àbúrò mi ti sọ fún mi pé, "Màmá, kò sí bébà o. Ẹ lọ ra bébà wá, kí ẹ ra báírò mọ́ ọn." Mo rà á. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wò ó bó ṣe ń kọ̀wé. Àbúrò mi ń sọ Yorùbá, òun ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé, ìlà kan péré ni yóò já sí lórí bébà. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí i, ó fi ìka hàn án níbi tí yóò ti buwọ́ lù ú. Kò kà á fún un. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá ká tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí àbúrò mi sọ ni pé òun mọ ẹ̀yìn ilé náà nítorí pé òun ló de ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ohun tó wà nínú bébà ni pé ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí èèyàn lè gbà wọlé. Ẹ fi méjèèjì wéra, kí ẹ wo ohun tí ìlà kan lè ṣe sí ayé ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin ò sọ pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35 àti 36, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èèyàn fún un ní èdè tó gbọ́. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tún sọ pé lọ́yà, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà láìsanwó, tàbí ẹni tí afurasí fúnra rẹ̀ bá yàn, lè jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní irú òfin yìí tirẹ̀. Kò sí ẹnì kankan ní tésàn tó sọ ọ́ fún wa.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni bàbá ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ iná dé. Kọ́ńtírátọ̀ ni. Kò dúró ní káńtà. Wọ́n mú un wọ ọ́fíìsì lọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí yóò fi jáde, ọmọ rẹ̀ ti wà níta, ó ń ti bẹ́líìtì rẹ̀ bọ ṣòkòtò padà, torí wọ́n máa ń gba bẹ́líìtì àti bàtà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ tì mọ́lé. Iṣẹ́ kan náà, ilé kan náà, ẹ̀sùn kan náà. Mo fẹ́ kó yé yín pé inú mi ò bàjẹ́ pé ọmọ yẹn lọ sílé. Kò jí nǹkan kan, ó sì yẹ kó lọ sílé. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé ohun tó tọ́ sí àwọn méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ló rí i gbà. Nígbà tí èmi náà béèrè pé kí ni kí n ṣe, wọ́n ní kí n lọ rí ọ̀gá. Iye tí ọ̀gá dá lé e, bí mo bá ta gbogbo aṣọ tó wà ní ìsọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, kò lè pé.

Bí àbúrò mi ṣe wọ sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ìwé òfin ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Láti tésàn náà dé kóòtù, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn ín láì làágùn. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi wà ní sẹ́ẹ̀lì. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ lọ, lójoojúmọ́ ni ẹni tó wà ní káńtà sì ń retí pé kí n fi nǹkan sílẹ̀ kí abọ́ náà tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n wá gbé e dé iwájú májísíréètì, ẹ̀sùn ti yí padà. Kì í ṣe olè jíjà mọ́, ó ti di ìdigunjalè. Ẹ̀rí tí wọ́n kó wá láti ìsọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pá irin mélòó kan, hámà kan, àti àdá kékeré tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ń ro koríko iwájú ìsọ̀. Wẹ́dà wo ni kò ní irin? Ilé tí wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀, ojú oorun ni gbogbo wọn wà, kò sẹ́ni tó rí olè, áńbọ̀sìbọ́sí ohun tó mú dání.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń sọnù, tí àwọn òbí wọn ò sì ní mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ abala 390 òfin ọ̀daràn wa, olè jíjà lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni, májísíréètì lè gbọ́ ọ, ó sì lè fúnni ní béèlì lọ́jọ́ náà. Ìdigunjalè, ikú ni. Májísíréètì ò lágbára lórí rẹ̀, kóòtù gíga ló ni ín. Nítorí náà, ohun tí májísíréètì yóò ṣe ni kó ní kí wọ́n lọ fi ẹni náà pa mọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí àwọn lọ́yà ìjọba tó wà lábẹ́ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń bá ìjọba ṣẹjọ́ ọ̀daràn, nílé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ yóò fi yẹ fáìlì wò, kí wọ́n sì dá ìmọ̀ràn padà. Ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sórí ìwé ẹ̀sùn ti gba béèlì kúrò lọ́wọ́ ẹni náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wádìí bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó ní lọ́yà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, lọ́yà rẹ̀ ò ní gbà kí ọ̀rọ̀ yẹn dé orí ìwé rárá. Àwa ò ní lọ́yà.

Fáìlì wa wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Fáìlì tálákà kì í dá rìn, àfi kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa tì í lẹ́yìn. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí gbogbo ayé ń pè ní IPO, ní kí n wá san owó fọ́tókọ́pì, torí ẹ̀dà fáìlì gbọ́dọ̀ pọ̀ kó tó lè lọ sílé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Mo san án. Ó ní kò sí owó ọkọ̀ tí òun máa fi gbé e dé Òkè-Mosàn. Láti ibi tí a wà sí Òkè-Mosàn, inú Abẹ́òkúta kan náà ni. Mo fún un lówó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì ní òun ò mọ ibi tí fáìlì wà.

Àárín èyí ni ìyanṣẹ́lódì dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù jákèjádò Nàìjíríà ti gbogbo kóòtù pa, títí wọ inú oṣù kẹfà. Ohun tí wọ́n ń jà fún, ó tọ́: wọ́n fẹ́ kí owó ẹ̀ka ìdájọ́ máa bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ìdájọ́ tààrà, kí àwọn gómìnà yé dì í mú. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó jìyà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gba béèlì rẹ̀ wà nílé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìyanṣẹ́lódì ò dí i lọ́wọ́. Àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn ni ọjọ́ ń kú mọ́ lórí. Kódà nígbà tí wọ́n ṣí kóòtù padà, ìgbà mìíràn wà tí a dúró láti àárọ̀ títí ọ̀sán, tí mọ́tò tó yẹ kó gbé wọn wá kò dé, wọ́n á ní kò sí epo. Májísíréètì á sún un síwájú. Ìgbà mìíràn mọ́tò á dé, agbefọ́ba ò ní sí níbẹ̀. Ìgbà mìíràn gbogbo wọn á pé, ọkùnrin tó fẹjọ́ sùn ò ní yọjú.

Ìdí géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti mọ àwọn èèyàn mi. Mò ń pè wọ́n ní èèyàn mi torí a ti jọ jókòó pẹ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀ wà láàárín wọn. Fóònù ni wọ́n ní ọmọ rẹ̀ jí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́rin nínú ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ti dúró sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: bí ọmọ yẹn bá dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní òun jí fóònù náà lóòótọ́, iye tí òfin là kalẹ̀ fún olè jíjà lásán ni ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó ní òun ò jẹ̀bi ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun nìkan kọ́ o. Nínú gbogbo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn. Bí mo bá ń sọ èyí lọ́jà, àwọn èèyàn máa ń rò pé mò ń bù mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, ìmọ̀ràn DPP jáde. Kò sí ohun tó jọ ìdigunjalè nínú fáìlì náà. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n bá a ṣẹjọ́ olè jíjà. Inú wa dùn, a rò pé ó ti parí. Májísíréètì fún un ní béèlì lóòótọ́. Onídùúró méjì: ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele kejìlá, èkejì gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀ láàárín ìlú, kó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn méjèèjì sì mú ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá.

Ilé bàbá wa wà ní Ìjemọ̀. Bàbá bàbá wa ló kọ́ ọ, ìdílé mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀, gbogbo Ìjemọ̀ ló sì mọ̀ pé tiwa ni. Kò ní ìwé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kún Abẹ́òkúta láti ìsàlẹ̀ Olúmọ títí dé etí odò Ògùn, ilé ẹbí, ilé tí ọwọ́ gbà fún ọwọ́. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ni ìwé tí kóòtù ń fẹ́ rí, ta ló sì máa gba C of O lórí ilé alámọ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ni? Àwa tí a jẹ́ onílé láti ìran dé ìran, lójú béèlì, a ò nílé.

Ti owó orí ló dùn mí jù. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní Ìtòkú, mi ò sì sá fún un rí. Mo da tíkẹ́ẹ̀tì ọdún mélòó kan sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ bá akọ̀wé kóòtù. Mo tú u sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣá, àwọ̀ ẹ̀lú ti ran àwọn mìíràn. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, onísùúrù èèyàn ni. Ó ṣà á jọ, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó ní, "Màmá, owó ọjà nìyí. Ìwé owó orí la ní kẹ́ ẹ mú wá." Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ìyá wa. Lọ́dún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ, àwọn ọlọ́jà àti aláró bíi tèmi, wọ́n lọ dúró sí ààfin Aláké nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin nígbà tí kò sí obìnrin kankan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà kan. Èmi, ọmọ ọmọ wọn, mò ń san, owó tí mò ń san ò sì lè gba ọmọ ìyá mi sílẹ̀.

Ẹnì kan tún sọ fún mi níbẹ̀ pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ọkùnrin ni kí n lọ mú wá. Irọ́ ni. Òfin 2015 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ kó dúró fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo obìnrin tó bá ka ìwé yìí mọ èyí sórí.

Níwájú kóòtù, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dúró fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ní ìwé ilé, wọ́n ní ìwé owó orí, wọ́n ní fọ́tò. Èèyàn á san owó, wọ́n á buwọ́ lù ú. Ọ̀kan lára wọn bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, ó ní òun rí i pé mò ń jìyà. Iye tó béèrè ju owó tí mo fi ń ra tẹ́rù funfun àti aró oṣù mẹ́ta lọ. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n mi ò bá àwọn tó gbà wí. Bí ìwé wọn bá jẹ́ ayédèrú, tí àṣírí tú, ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni yóò padà sínú ọgbà, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ wọn lọ sí kóòtù mìíràn.

Ìyá oníẹ̀fọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa Legal Aid lẹ́nu wọ́dà kan, ó wá sọ fún mi. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ yìí sílẹ̀ kí ẹni tí owó rẹ̀ ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ lè rí lọ́yà láìsanwó, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta níbí. Lọ́yà wọn ò pọ̀. Ọmọ agùnbánirọ̀ obìnrin kan ni wọ́n fún wa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, ó sì ní fáìlì jọ gègèrè lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ka gbogbo ìwé náà látòkè délẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó ṣe é rí lójú mi, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló kọ sítétímẹ́ǹtì yìí?" Òun ló sọ ohun tó wà nínú ìlà yẹn fún mi.

Ohun tó ṣe kò ṣòro rárá. Ó kọ̀wé sí kóòtù pé ètò béèlì náà ti le jù, pé òfin sọ pé béèlì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n, pé ẹni tó ń jẹ́jọ́ ń gbé Abẹ́òkúta láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì síbi tó ń lọ. Májísíréètì gbọ́ ọ, ó dín in kù sí onídùúró kan ṣoṣo tó níṣẹ́ gidi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa dúró fún un. Ó bọ́ sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí májísíréètì ti fún un ní béèlì, ohun tí lẹ́tà yẹn ṣe ti ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ ni, torí lọ́yà tí yóò kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbowó. Àwọn lọ́yà tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kóòtù ti ní kí n mú owó wá, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n kọ.

Bí àbúrò mi ṣe wà nílé, ẹjọ́ náà tún ń lọ. Onílé ò wá mọ́. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Agbefọ́ba ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè sí i, títí májísíréètì fi wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Lọ́yà wa ṣàlàyé fún mi pé wọ́n lè gbé e padà wá bí wọ́n bá rí ẹ̀rí, torí wọn ò dá a láre, wọ́n kàn pa ìwé náà dé ni. Títí di òní, a ò mọ ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ìsọ̀ Lafẹ́nwá ti di ti ẹlòmíràn. Onílẹ̀ ò lè dúró de ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tà á, ara owó rẹ̀ la fi ń bọ́ ọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti tú ká. Ọmọbìnrin tí òun pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti lọ sílé ọkọ mìíràn, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ara àbúrò mi tó yún títí tó fi dápàá ti ń jinná. Fóònù rẹ̀ ṣì wà ní tésàn. Nígbà tá a lọ béèrè rẹ̀, wọ́n ní ká mú rìsíìtì tó fi rà á wá.

Abala 35 tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan ní ìpín kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹni tó ṣe é tọrọ àforíjì ní gbangba. Àbúrò mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, àdúgbò kan náà la sì jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn wọ̀nyí." Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn tó tì í mọ́lé ju ọjọ́ tí òfin fún wọn lọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè. Mi ò ní yé sọ ọ́.

Mo ti gba ìwé owó orí tèmi. Àwọn obìnrin mélòó kan ní ìlà wa náà ti ń gba tiwọn. A ń dá owó jọ fún ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá mú ọmọ ẹnì kan lọ́la, ẹni tí yóò dúró fún un á ti wà lọ́jà. Nípa ọmọ ìyá oníẹ̀fọ́, mo mú ìyá náà lọ sí Legal Aid. Wọ́n ti rí fáìlì rẹ̀. Láti ọdún 1977 ni òfin ti fún adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó sì tú àwọn tí wọ́n ti tì pa láìṣẹjọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ náà mọ́ ti àwọn tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ nígbà tó bá tún wá. Ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti rí i pé wọn ò yọ ọ́ kúrò, ọjọ́ tí ọjà mi ò bá sì dè mí mọ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ ni.